Ọ̀yà Tí Ó Kọ̀ Láti Sá

Bí àlejò bá dé Ìdí-Ọ̀mọ̀, abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, tí ó sì béèrè ilé Ògúnwálé ọdẹ, wọn yóò ní kí ó máa tẹ̀lé ariwo lọ. Inú igbó nìkan ni Ògúnwálé ti máa ń dákẹ́. Bí ó bá ń ròyìn ẹran tí ó ti pa rí, gbogbo ara ni ó fi ń sọ ọ́: yóò lóṣòó, yóò na ọ̀pá bí ìbọn, yóò pariwo "gbàù," òun náà yóò sì tún ṣubú lulẹ̀ bí ẹran. Ìyàwó rẹ̀, Ìbídùnní, tí ó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, a máa sọ pé òun ti wo ikú àgbọ̀nrín kan náà títí ó fi sú òun, àti pé lọ́dọọdún ni ìwo rẹ̀ ń gùn sí i.

Ohun kan ni Ògúnwálé ń fẹ́ láyé: kí ó jẹ Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ abúlé náà, bí bàbá rẹ̀ ti jẹ ẹ́. Nígbà tí oyè náà ṣí sílẹ̀, ẹni méjì ni ó jáde fún un: òun, àti Tàófíìkì, ọdẹ kan tí ó tún ń ṣọ́ géètì ẹ́sítéètì ní ọ̀nà Lẹ́kì.

Àṣà wọn ni pé ẹran ni a fi ń tọrọ oyè náà. Àwọn àgbà ọdẹ yóò jókòó sí etí igbó, ẹni tí ó ń fẹ́ oyè nìkan yóò sì wọlé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìbọn, wọn yóò tọ ìró rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè bá ẹran náà níbi tí ó ṣubú sí. Láyé bàbá Ògúnwálé, àgbọ̀nrín ni òfin wí. Nígbà tí àgbọ̀nrín kò sí mọ́, àwọn àgbà forí korí, wọ́n ní ẹtu náà tó. Nígbà tí ẹtu di ohun tí à ń rí lójú àlá, wọ́n tún forí korí, wọ́n ní kí wọ́n mú ọ̀yà wá.

"Ẹ má tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́ o," ni Bàbá Oríyọmí wí. Òun ni ó dàgbà jù nínú wọn, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. "Lẹ́yìn ọ̀yà, eku ilé ló kù."

Tàófíìkì ni ó kọ́kọ́ wọ igbó. Ó pẹ́ títí kí wọ́n tó gbọ́ ìbọn. Wọ́n sáré lọ, wọ́n bá a tí ó dúró gangan ti òkété kan.

"Ọmọ ìyá ọ̀yà náà ni," ni Tàófíìkì wí.

"Ìwọ gan-an ni ọmọ ìyá rẹ̀," Bàbá Oríyọmí dá a lóhùn. "Gbé e lọ fún ìyàwó rẹ kó fi se ọbẹ̀. Ó kan Ògúnwálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Kí ọjọ́ náà tó pé, Ògúnwálé lọ wo igbó. Ó wá ipa ẹsẹ̀, ó wá koríko tí eyín gé jẹ, kò rí nǹkan kan. Ọ̀rá omi ni ó rí, àti kùkùté igi, àti eérú ibi tí àwọn ọdẹ ti sun ìgbẹ́ kí ẹran lè jáde. Ó padà sílé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò ìyàwó rẹ̀.

"Ìbídùnní, ẹran ti tán nínú igbó."

"Ta ló pa wọ́n?"

"Mo ní ẹran ti tán, ìwọ ń ṣe ọlọ́pàá."

"Ṣebí èmi ni mo ń bá ọ tà wọ́n," ni Ìbídùnní wí, ó ń yí ẹja padà lórí iná. "Mo rántí aboyún ẹtu tí o pa yẹn. Nígbà tí mo là á, tí wọ́n rí ọmọ nínú rẹ̀, àwọn oníbàárà mi sá lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹja."

Ògúnwálé kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n oyè bàbá rẹ̀ ń dùn ún ju ìtìjú lọ. Ó ti gbọ́ pé akọ̀wé kan, Adéòjó, ọmọ Ìwó tí ó ń gbé ní Ìkòròdú, ń sin ọ̀yà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ó múra bí ẹni tí ń lọ kí àna, ó lọ síbẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, bàbá," ni Adéòjó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ máa sìn ín ni? Ẹ ó mú abo bíi mélòó kan mọ́ akọ."

"Ẹyọ kan ti tó."

"Ẹyọ kan kò lè bímọ, bàbá."

"Kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ mi tó bẹ́ẹ̀."

Adéòjó bá a fi akọ kan tí ó sanra dáadáa sínú àgò onírin. Ògúnwálé fi aṣọ bò ó, ó gbé e sábẹ́ àga nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó dé Ìtòìkín, obìnrin tí ó jókòó tì í ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ló ń rún nǹkan lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Adìẹ ni."

"Adìẹ wo ló ń jẹ ìrèké?"

"Adìẹ òyìnbó," ni Ògúnwálé wí, ó sì ṣe bí ẹni tí ó sùn lọ.

Nílé, ó tún fún un ní ìrèké, ọ̀yà náà ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fún ní àkàrà. Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó patẹ́wọ́. "Ọdẹ ń bọ́ ẹran! Ayé mà ti yí o."

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ògúnwálé ti gbé àgò pamọ́ sábẹ́ ewé nínú igbó kí ẹnikẹ́ni tó jí. Nígbà tí àwọn àgbà jókòó tán, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ dúró dè mí díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ mi."

Ó dé ìdí àgò, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀yà jáde, ó wo igbó, ó wo Ògúnwálé, ó sì wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀. Ògúnwálé sún sẹ́yìn. Ọ̀yà sún tẹ̀lé e.

"Sá!" ni Ògúnwálé sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sá lọ, ọmọ Ìkòròdú!"

Ọ̀yà ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, bóyá ìrèké ṣì kù níbẹ̀.

Ògúnwálé gbé ìbọn sójú, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Èèwọ̀ kan wà tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ: ẹran tí ó bá jẹun lọ́wọ́ ọdẹ ti di àlejò ọdẹ, a kì í pa á ní ìjókòó. Ó wá rò ó pé bí àlejò bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kì í ṣe àlejò mọ́. Kí ó lè sá ni ó ṣe yìnbọn sójú ọ̀run. Ọ̀yà ta kìjí, ó yí padà, ó sì sáré wọ inú àgò rẹ̀ lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí Ògúnwálé níbẹ̀ bí ìyàwó tí inú ń bí.

Kí Ògúnwálé tó mọ èyí tí yóò ṣe, àwọn àgbà ti dé, Tàófíìkì ń tẹ̀lé wọn. Bàbá Oríyọmí na ọ̀pá síwájú, ó gbọ́ kó-kó-kó.

"Kí ni irin yìí?"

"Àgò ni, bàbá," ni Tàófíìkì wí, inú rẹ̀ dùn dé eyín ìkángun. "Ọ̀yà wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ le koko."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ògúnwálé, o kọ́lé fún un kí o tó yìnbọn fún un?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi dìgbò lu igi. Ògúnwálé jẹ́wọ́ pé Ìkòròdú ni òun ti gbé e wọkọ̀ wá, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Oyè bàbá rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Oríyọmí jókòó sórí àgò náà, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Àgbọ̀nrín tẹ́lẹ̀. Ó di ẹtu. A wá bẹ ọ̀yà, òun náà wọkọ̀ láti ìlú oníìlú wá. Ta ló pa wọ́n tán?"

"Àwọn tó ń kọ́lé ni," ni Tàófíìkì wí. "Katakata wọn ni."

"Katakata wọn ya igbó, mo gbà. Ṣé katakata ló dẹ tàkúté sí ojú omi? Ṣé òun ló yìnbọn fún aboyún?"

Bàbá Oríyọmí wá ní láti ọjọ́ náà lọ, wọn yóò fi màrìwò dí ojú ọ̀nà igbó, ìbọn kò gbọdọ̀ dún níbẹ̀ mọ́ títí ẹran yóò fi padà. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú wa débi tí ẹran ìgbẹ́ wà láàyè, òun ni Olúọdẹ."

Ìbídùnní kò jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀yà náà. Ó so àgò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó sì fún un ní orúkọ. "Olúọdẹ, wá jẹ gbágùúdá," ni ó ń pè é láràárọ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́.

Ògúnwálé gbé e mì. Ojoojúmọ́ ni ó ń wọ igbó lọ́wọ́ òfo, tí ó ń tú wáyà tàkúté, tí ó ń lé àwọn tí ó fẹ́ dáná sungbó. Ó bá Tàófíìkì gan-an níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àdá méjì.

"Mo ń wá efinrin ni," ni Tàófíìkì wí.

"Ṣé efinrin máa ń sá ni, tí o fi gbé àdá méjì?"

Ó fi ariwo lé e dé títì. Ṣùgbọ́n bí òjò ti ń rọ̀, tí igbó sì ń dí, ohùn rẹ̀ ń relẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹran kì í pariwo. Ìbídùnní rò pé ibà ni, ó se àgbo fún un.

Ìgbà òjò ọdún kejì ni ó rí ẹtu méjì, ìyá àti ọmọ, níbi odò. Ó sáré lọ pe àwọn àgbà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra tẹ ilẹ̀. Wọ́n rọra, Tàófíìkì náà tẹ̀lé wọn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀ ni Tàófíìkì sín. Ewé mì rìrì, ìró ẹsẹ̀ sì gba inú igbó lọ fẹ̀ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ẹran kankan kò sí níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan," ni Tàófíìkì wí. "Bóyá ó ti padà sínú àgò."

"Dákẹ́," Bàbá Oríyọmí sọ fún Tàófíìkì. "Ojú mi ni kò dára, etí mi dára. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ńlá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé e. Ti Ìkòròdú kò sá. Èyí sá. Ẹran tó bá ń sá fún wa, tiwa ni." Ó nawọ́, ó wá èjìká Ògúnwálé kàn, ó sì fi ìrùkẹ̀rẹ̀ oyè lé e lórí.

Wọ́n sìn ín délé pẹ̀lú orin. Nígbà tí ilé tòrò, Ìbídùnní yọ orí láti ilé ìdáná.

"Olúọdẹ! Oúnjẹ ti délẹ̀ o!"

Ògúnwálé dìde. Nínú àgò lẹ́yìnkùlé, ọ̀yà náà dìde.