Báàsì, àti Omi Tó Kún Láìsí Òjò

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn sì mú ní Thamesmead, ní London. Ìyàwó mi ti kú láti ìgbà òtútù. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ilé wa ní Woolwich sì dákẹ́ jù fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ pẹja létí odò Thames.

Báàsì, irú ẹja òkun kan, ni mò ń wá. Nígbà òtútù, ojú òkun ló máa ń wà. Bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tẹ̀lé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ àti akàn wọ inú odò. N kì í lo ekòló. Ẹja rọ́bà kékeré ni mo máa ń fi bo ìwọ̀, funfun, kí báàsì lè rí i nínú omi tó rú. Èèyàn á jù ú síwájú, á jẹ́ kó rì kan ilẹ̀, á fà á díẹ̀, á dá a dúró. Ìgbà tó bá dúró yẹn gan-an ni ẹja máa ń gbá a mú. Ẹni tó bá ń kánjú fà á kò ní rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ náà, omi ti fà sẹ́yìn, ó fi ẹrẹ̀ àti òkúta sílẹ̀. Mo gba àtẹ̀gùn ara ògiri etí odò sọ̀ kalẹ̀, mo rìn jìnnà kí ìdẹ mi lè dé ibi tó jin. Mo ti kà á pé omi òkun máa ń kún odò yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n létí odò tí wọ́n bí mi sí, òjò ló ń kìlọ̀ fún wa. Mo wo ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu kankan, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ohun kan gbá ìdẹ mi mú, ó jù ú sílẹ̀. Mo fẹ́ sún síwájú, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Ẹrẹ̀ ti mù ún dé orúnkún. Mo bojú wẹ̀yìn: omi ti yí àwọn òkúta tí mo gbà kọjá ká. Kò pariwo rárá. Bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ ni mo túbọ̀ ń rì. Ojú ń tì mí láti kígbe, àgbàlagbà bíi tèmi. Nígbà tí omi tútù kan itan mi, ìtìjú tán.

"Ẹ gbà mí o!"

Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó yọrí lókè ògiri.

"Dádì! Kí lẹ wá dé ibẹ̀ yẹn? Ẹ má fa ẹsẹ̀ yẹn mọ́! Ẹ dùbúlẹ̀!"

"Sínú omi?"

"Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì! Ẹni tó wúwo jù yín lọ ni mo gbé láàárọ̀ yìí. Ẹ yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà. Àbí bàtà lẹ fẹ́ gbé lọ sọ́run?"

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Omi bo etí mi, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ kan yọ. Ó pẹ́ kí èkejì tó yọ. Mo wọ́ dé àtẹ̀gùn tí obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí, ó sì gbá ọrùn aṣọ mi mú, ó fà mí gòkè.

Mò ń gbọ̀n. Ó yọ fóònù rẹ̀.

"Ta ni kí n pè nílé, Dádì?"

Nọ́ńbà ìyàwó mi ni ẹnu mi kà. Òun nìkan ni mo mọ̀ sórí. Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, ó ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tó ń dún. Wọ́n lè ti fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti inú ẹrẹ̀ lọ, pé ẹnì kan máa gbé e, kò sì ní jẹ́ òun.

"Wọn ò gbé e," ó ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀, màá tún wọn pè."

Mo fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo fóònù náà.

"Jọ̀ọ́," mo ní, "má pè é mọ́."