Gáàsíkẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta Láàárín Oṣù Márùn-ún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Orè. Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí rẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi bíi pé àná ni!

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Àkókó ni mí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí owó epo ń ya wọ ilẹ̀ yìí bí omi òjò, Orè ni ìjọba gbé mi lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àwọn abúlé oko tó wà káàkiri Òdìgbó.

Mọ́tò ìjọba tó yẹ kó máa gbé wa ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró, koríko ti bò ó. Owó epo yẹn, mi ò mọ ibi tó ń ya lọ o. Mọ́tò ara mi ni mò ń lò, àlòkù tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan tí wọ́n gbé kúrò nílùú. Ó ti dàgbà, àmọ́ ó lágbára. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbóná, mo wà á lọ bá mẹkáníìkì kan nítòsí gáréèjì, ẹ jẹ́ ká pè é ní Lájídé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní gáàsíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, nǹkan pẹlẹbẹ kan ni, tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé. Lájídé fi tuntun sí i, ó ní kò séwu mọ́.

Kò pé oṣù méjì, ó tún jó.

Mo padà lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún mi níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀? Ó ní, “Sístà, ẹ má bínú o, ọwọ́ obìnrin ló ń pa mọ́tò yìí. Ẹ ò mọ jíà yí.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń wa ọ̀nà tí ẹlòmíràn ò lè fi kẹ̀kẹ́ gbà! Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí jíà bí ẹni ń gbé ẹyin. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì kejì wọlé.

Lẹ́yìn náà ni èéyi bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn oko apá Àgbábù, àìsàn tó ń sọ sí ọmọdé lára, tó sì lè fọ́ wọn lójú. Wọ́n ní kí n lọ kíákíá. Mo kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà, mo kó yìnyín lé e. Yìnyín yẹn kò lè kọjá ọ̀sán kó tó yọ́.

Ẹ wo ọ̀nà Àgbábù ná! Abúlé tó jókòó lórí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, tí ọ̀dà ń sun jáde nínú ilẹ̀ tí oòrùn bá mú, ojú ọ̀nà rẹ̀ ò sì ní ọ̀dà kankan. Àfi ihò àti ẹrẹ̀.

Kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ atọ́ka tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn ti ń gòkè. Mo rí i. Ó yẹ kí n dúró, ṣùgbọ́n yìnyín ni mò ń rò. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Lójijì, èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn mi, ẹ́ńjìnnì sì kú. Nígbà tí mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Mo dúró sójú ọ̀nà títí oòrùn fi yí sí ìwọ̀ oòrùn kí ọkọ̀ oníkòkó kan tó gbé mi. Nígbà tí mo ṣí kúlà ní Àgbábù, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wà níbẹ̀.

Àwọn ìyá ti ń dúró dè mí láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Mojí, ti pọn ọmọ rẹ̀ láti oko tó jìnnà gan-an. Mo ṣàlàyé fún wọn pé abẹ́rẹ́ tó ti gbóná kò níṣẹ́ kankan lára ọmọ mọ́. Ẹnì kan ní kí n kúkú fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀. Ṣé kí n fún ọmọ ọlọ́mọ ní omi lásán, kí ìyá rẹ̀ máa rò pé ọmọ òun ti bọ́?

Ìyá Mojí kò bá mi jà. Ó kàn béèrè pé, “Sístà, ṣé kí n máa lọ?”

Mo ní kó máa lọ. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n.

Ọkọ̀ agégẹdú kan fa mọ́tò mi padà sí Orè lọ́jọ́ kejì. Dírẹ́bà rẹ̀ ló júwe Bàbá Akínbọ̀dé fún mi, àgbàlagbà ọmọ Ìkálẹ̀ tó ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe pẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń la gẹdú. Ìkálẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ààbọ̀ ni mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó nù ún mọ́, ó gbé rúlà onírin lé e lórí, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wò ó.

Mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rúlà! Bíléèdì lè gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ó ní, “Ọmọ mi, gáàsíkẹ́ẹ̀tì ò ṣẹ̀ ọ́. Irin yìí ti wọ́ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbóná. Kò sí gáàsíkẹ́ẹ̀tì tí wàá fi sí i tí kò ní jó.”

Lẹ́yìn náà ló tú rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ti dí ìdajì rẹ̀, nítorí omi odò tí èmi àti Lájídé ń dà sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀! Ó rán orí ẹ́ńjìnnì lọ sí Oǹdó kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Nígbà tó fi gáàsíkẹ́ẹ̀tì kẹta sí i, tó fẹ́ dè é padà, ó mú nọ́ọ̀tì láti àárín bọ̀ síta, díẹ̀díẹ̀, ó yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta. Lájídé, etí kan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì fi gbogbo agbára fún un. Bàbá ní kí n gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí òun tún un dè. Omi tó mọ́ nìkan ni kí n máa dà sí i.

Gbogbo èyí gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kó abẹ́rẹ́ tuntun padà sí Àgbábù, mọ́tò tutù bí omi àmù. Ìyá Mojí kò sí láàárín àwọn tó wá. Mo wá a lọ sí oko. Èéyi ti mú Mojí kó tó di ìgbà náà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ ti funfun, kò ríran mọ́.

Mi ò dúró níbì kankan títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù Lájídé. Mo pariwo! Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, bí òun náà ti ṣe fún mi.

Ó fèsì pé, “Sístà, èmi kọ́ ni mo kó èéyi ran ọmọ.”

Òótọ́ ni. Èmi náà rí ọwọ́ atọ́ka tó ń gòkè, mo sì ń wà á lọ. Mo wá bi í bóyá ó gbé rúlà lé irin yẹn rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wolẹ̀. Ó ní tí òun bá ní kí oníbàárà dúró títí irin á fi ti Oǹdó dé, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni yóò lọ. Mo ní, “Ṣé o bi mí bóyá màá dúró?”

Ó ní rárá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gáàsíkẹ́ẹ̀tì kì í dédé jó. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan, tó tún jó, ẹ má san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé rúlà lé e níṣojú yín. Ẹ ní kí wọ́n tú rédíétọ̀. Tí ọwọ́ atọ́ka bá gòkè, ẹ dúró, ohun yòówù kó wà nínú kúlà yín. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọwọ́ obìnrin ló ń pa mọ́tò, ẹ gbé mọ́tò yín kúrò níbẹ̀!

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Ẹ má dárúkọ mẹkáníìkì o. Ohun tó kọ̀ láti wò ni kí ẹ dárúkọ.