Ọ̀dà Pọ̀ Jù Nídìí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Bàbá

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ lojú yín máa kọ́kọ́ bá. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni! Ọ̀pá páálí tẹ́ẹ́rẹ́, imú onígi, ìyẹ́ mẹ́ta nídìí, ó dúró ṣánṣán lórí pẹpẹ. Bàbá aránṣọ, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣe é kí wọ́n tó bí aránṣọ, ọmọ ẹ̀ obìnrin. Ọdọọdún ló sì ń kùn ún ní ọ̀dà pupa, bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ní òun fẹ́ kó tún fò lójú òun.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ó jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá já lulẹ̀ ńkọ́? Ibo la ti fẹ́ rí irú ẹ̀?"

"Ìyá mi, ta ló ń ra bàtà kó lè máa wò ó?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Ó ki ẹ́ńjìnnì sí i nídìí: páálí líle bí àtàǹpàkò, tí ẹ̀tù kún inú ẹ̀. Ó so okùn mọ́ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dọ́gba, ó ń fì í yípo lókè orí. Bó bá máa fò dáadáa, imú ló yẹ kó ṣíwájú. Háà! Ìdí ló ṣíwájú! Ọ̀dà ọdọọdún ti ṣàn wálẹ̀, ó ti sọ ìdí di ẹrù.

"Bàbá, ìfẹ́ yín ti wúwo jù nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ha á."

"Ha kí ni? Kọ́kọ́ ha orí mi ná!"

Ni aránṣọ bá ń fi amọ̀ bíńtín-bíńtín sínú imú ẹ̀, tó ń fì í wò, títí imú fi gba iwájú. Agboòrùn kékeré inú ẹ̀, tó máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ti gbó, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ó fi sílíìkì rán tuntun.

Ní pápá, wọ́n fi í sára irin gbọọrọ tó máa tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n fa wáyà láti ìdí ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bátìrì lókèèrè. Bàbá tẹ bọ́tìnì. Ṣùúùù! Iná ń tú sísàlẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gòkè gbọnrangandan. Iná kú, ó ṣì ń lọ! Ìgbà tó yá, ó rọ̀, ó fẹ́ dorí kodò. Aránṣọ di apá bàbá mú. Àṣé ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀ ṣì kù nínú, òun ló máa ti imú ṣí. Pó! Imú ṣí, agboòrùn tú wàì, rọ́kẹ́ẹ̀tì ń rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ìyẹ́ àdàbà.

Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn sáré! Ó gbé e, ó gbóòórùn ìdí ẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ibi tó là.

"Ìyá mi, ki ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i."

Aránṣọ ti fẹ́ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan tó. Ó wo ojú bàbá.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ó tutù ná," ló wí, ó sì ti ń na wáyà.