Àkàrà Aláìwú

Òórùn àkàrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé wa ní Riverdale nílẹ̀ òyìnbó, kí aago èéfín orí àjà, tó ń kìlọ̀ iná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mọ́mì ti wọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ń fi ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Sunday lé èéfín, ó sì ń fi ọwọ́ kejì yí àkàrà nínú òróró. Ẹni tó bá dàgbà sí apá ibẹ̀ lásìkò tiwa á mọ irú aago yẹn. Òróró ìyá Yorùbá nìkan ló máa ń bá jà.

Kíláàsì keje ni mo wà. Tíṣà wa, Mísì Lọ́rà, ń kọ́ wa nípa Ísírẹ́lì àti àwọn Júù, ó sì ní ìwé oúnjẹ ńlá kan, aláwòrán, tí alásè kan tó lókìkí kọ nípa oúnjẹ wọn. Ó máa ń gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó pín orúkọ oúnjẹ fún wa pé kí kálukú lọ ṣe tirẹ̀ wá, ká lè ṣe Àjọ Ìrékọjá ní kíláàsì. Èyí tó kàn mí ni "unleavened bread."

"Unleavened bread? Ṣebí ó wà nínú Bible," ni Mọ́mì wí. Ó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀, ó sì rí i gbangba: àkàrà aláìwú. Búrẹ́dì ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àkàrà ni Mọ́mì rí, àkàrà ló sì mọ̀ ọ́n dín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kò sẹ́ni tí àkàrà rẹ̀ ń wú bíi tirẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Á po ẹ̀wà títí apá á fi máa ro ó. Lọ́jọ́ yẹn, kò pò ó rárá. "Ọlọ́run ní kó má wú," ó ní, "ta wá ni èmi tí mo fẹ́ pò ó?" Àkàrà náà jáde pẹlẹbẹ. Ó wò ó, ojú tì í díẹ̀, ó wá dì í sínú foil fún mi.

Mísì Lọ́rà tú foil, ó gbóòórùn ata, ó fajú ro. Ó gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà, ó wo àwòrán, ó wo àkàrà. "Sweetie, this is not in the book." Ó dà á sínú garawa ìdọ̀tí.

Kò tọ́ ọ wò. Kò bi mí pé kí ni. Kò sí Júù kan ṣoṣo nínú kíláàsì yẹn, Mísì Lọ́rà fúnra rẹ̀, Baptist ni! Ká ní Júù kan ló ní àwọn kì í jẹ ẹ̀wà nílé àwọn lásìkò àjọ náà, Mọ́mì ì bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ta ló rán Mísì Lọ́rà níṣẹ́? Ó ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí Mọ́mì wá gbé mi, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n gbádùn ẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Wọ́n dà á nù?" Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹni tí a ò bá lè mú, Ọlọ́run là á fi lé lọ́wọ́." Láti ọjọ́ náà, sandwich ló ń dì fún mi lọ sílé ìwé. Ó fi Mísì Lọ́rà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi ò fi lé e o, ọwọ́ mi ló ṣì wà.

Mo ti dàgbà, ìlú Suwanee ni mò ń gbé báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo rí ìwé yẹn gan-an níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé, mo sì fi ìbínú rà á, kí n lè rí ohun tí alásè náà kọ tí àkàrà ìyá mi fi di ìdọ̀tí. N kò rí i. Lábẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ti kọ ìyá àgbà tó gbé e wá àti ìlú tó ti gbé e wá. Ó kọ ọ́ pé lásìkò àjọ náà, àwọn ilé kan kì í jẹ ẹ̀wà, àwọn mìíràn sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ṣí i síwájú, mo rí irú ẹ̀wà kan tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, tí wọ́n dín nínú òróró, roboto. Ó wà nínú ìwé! Ẹni tó ń gbé ìwé mọ́ àyà kò ṣí i débẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá tó káwọ́ sẹ́yìn nídìí garawa yẹn ti lọ. Ẹ bi wọ́n níbi iṣẹ́ mi bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, Mọ́mì wà lọ́dọ̀ wa, mo dín àkàrà, mo pò ó dáadáa, ó sì wú. Ọmọbìnrin mi ní, "Grandma, can I take some to school on Monday?" Mo ti dì í sínú foil fún un kí Mọ́mì tó dáhùn.

"Rárá o," Mọ́mì wí. "Jẹ ẹ́ nílé."

Ó gba foil náà lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó sì kó àkàrà náà padà sínú abọ́.