Ìwé Funfun

Nọ́ọ̀sì Ojúlé ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìlera ni, tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dá á gba ìwé funfun. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà nínú ewu á gba pupa, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ó fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní pupa, ìyẹn ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, awakọ̀ tírélà, tó tọ́ ọ dàgbà. Ó so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá ní pálọ̀. Ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Ó tún un wọ̀n, kò yẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ga o. Pupa ni.”

“Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, ìwọ lo fẹ́ fún mi ní pupa?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. “Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilé iṣẹ́ wa máa yẹ ìwé gbogbo awakọ̀ wò. Ẹni tó bá mú pupa wá, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Tí mo bá ti ìrìn àjò yìí dé, mo máa lọ rí dókítà.”

Kò bẹ̀ ẹ́ rí láyé. Nọ́ọ̀sì Ojúlé kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin sórí ìwé funfun, ó buwọ́ lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bí i nínú jù títí dòní.

Ìrìn àjò kan di méjì. Bó bá ti pè é, “Ẹ ti lọ?”, á ní, “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mẹ́fà kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti bọ́ bàtà, kò dìde mọ́.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá kí wọn, ìyàwó olóògbé yọ ìwé funfun látinú àpò.

“Ẹ wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ò tọ́jú ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ló wọ̀n ọ́n fúnra wọn.” Ó di Nọ́ọ̀sì Ojúlé lọ́wọ́ mú. “Ẹ ṣeun, Àǹtí wa. Ẹ gbìyànjú. Àkókò ẹ̀ ló tó.”

Káfíńtà iwájú ilé, tó gba pupa lọ́sẹ̀ tó kọjá, gba ìwé náà, ó kà á, ó mi orí.

“Ṣé ẹni tó ní funfun náà ń kú báyìí? Kí wá ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?” Ó fa pupa tirẹ̀ yọ, ó ya á sí méjì.

Nọ́ọ̀sì Ojúlé la ẹnu. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì dì í lọ́wọ́ mú. Ó pa ẹnu náà dé.