Agbọ̀n Obì Tó Fúyẹ́ Jù

Iṣu kan ló kó sí mi lórí. Akọ̀wé ẹrù ni mí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Òṣogbo, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ọlọ́pàá kan gé iṣu náà sí méjì níwájú mi. Wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ki igbó gbígbẹ bọ̀ ọ́, wọ́n wá fi amọ̀ rẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú oníṣu lọ, rúlà ni mo ń wá. Ihò náà jìn ní ínǹṣì méje àtààbọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sínú ìwé: ẹní tí wọ́n ká mọ́ igbó, kẹ̀ǹgbè epo tó ní ìsàlẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Òṣùwọ̀n ni mo gbójú lé. Agbọ̀n obì gbànja tó ń lọ sí Kánò máa ń wọn àádọ́fà pọ́n-ùn. Igbó sì fúyẹ́ ju obì lọ.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ìyá oníṣòwò obì kan gbé agbọ̀n tirẹ̀ wá láti Iléṣà. Pọ́n-ùn mẹ́talélọ́gọ́rùn-ún ni, ó fi méje dín.

“Màmá, agbọ̀n yín fúyẹ́.”

“Ṣé orí lo fẹ́ fi rù ú dé Kánò ni, akọ̀wé?”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mo pe ọlọ́pàá. Wọ́n da obì sílẹ̀, wọ́n tú gbogbo ewé rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Sájẹ́ǹtì wọn ní a jẹ́ pé ìyá náà ti yọ igbó náà kúrò, kí n wá fi iye tí mo wọ̀n jẹ́rìí ní kóòtù. Ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ni wọ́n ń dá fún igbó.

“Gbogbo obì tó o ti wọ̀n yìí,” ni ìyá náà wí bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, “o ò mọ̀ pé obì máa ń làágùn?”

Mi ò mọ̀. Mo ra agbọ̀n obì tútù kan, mo ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ fi máa pé, lọ́jọ́ kọkànlá, ó ti fi pọ́n-ùn márùn-ún fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún adájọ́.

“Méjì tó kù ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

Ó dá ìyá náà sílẹ̀. Ìyá náà kò tún gbé ẹrù wá sí ojú fèrèsé mi mọ́.

Mo ṣì ń wọn obì. Mo ti fi ewé tútù dì í, mo ti sá a láìsí ewé, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, pọ́n-ùn mẹ́fà àtààbọ̀ ló fi fúyẹ́.