Lẹ́tà Inú Igbá Òrí

Jẹ̀díjẹ̀dí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tàǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ladjifarani, ní Parakou, ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ìyá wọn ní Ṣábẹ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ń da àwọn láàmú, kí wọ́n fi àgbo ránṣẹ́. Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo mú un lọ sí pọ́ọ̀sì. Nígbà tí Tàǹtí fúnra wọn lọ wò ó bóyá èsì ti dé, akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn níwájú èrò.

“Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti ń lè jókòó báyìí?”

Ayé ìjọba kamarádì ni nígbà náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń tú lẹ́tà wò kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe ọ̀tá ìjọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ọ̀tá ìjọba nínú ìwé onígbèsè àti aláìsàn, kò ní fo ìlà kankan. Tàǹtí dé ilé, wọn ò jẹun. Wọ́n ní láéláé, pọ́ọ̀sì ò tún ní fojú kan ọ̀rọ̀ ìdí àwọn mọ́.

Òrí ni wọ́n ń tà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á gbé igbá òrí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ṣábẹ̀, wọ́n á sì padà ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n rò kò le: lẹ́tà wọn àti ti ẹlòmíràn á wà ní ìsàlẹ̀ igbá, òrí á bò ó mọ́lẹ̀. Ta ni yóò ki ọwọ́ bọ òrí olórí títí dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí ìwé? Bákan náà, Tàǹtí ò mọ̀wé. Wọ́n ń fi èyí yangàn. “Ojú mi ò lè kà á, ẹnu mi ò lè rò ó.” Ìdílé mẹ́ta péré la kọ́kọ́ fi dán an wò, gbogbo wọn ọmọ Ṣábẹ̀, gbogbo wọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ìdánwò náà fojú wa rí màbo. Ooru ọkọ̀ yọ́ òrí, òrí wọnú ìwé, lẹ́tà kan sì dé Ṣábẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ pé ọmọ òun rántí òun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọ̀rá wé lẹ́tà, tí mo ń fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Àléébù kejì le ju ìyẹn lọ, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀. Èmi ni mo ń bá àwọn tí ò mọ̀wé kọ lẹ́tà tiwọn. Káfíńtà kan ní kí n kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n òun pé òun ti fẹ́ kó padà sí Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n onílé òun ò gbọdọ̀ gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo pàdé òun àti onílé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Mo kúnlẹ̀ fún káfíńtà, mo ní, “Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Bàbá.”

Onílé ní, “Ìpalẹ̀mọ́ kí ni?”

Kò sí ohun tí Yorùbá kì í kí ènìyàn fún, ìwà ọmọlúàbí sì ni. Akọ̀wé pọ́ọ̀sì tú lẹ́tà kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi fi ìkíni tú tèmi. Ojú tì mí, n kò lè sùn. Tàǹtí ò lù mí. Òfin ni wọ́n gbé kalẹ̀: “Láti òní lọ, àkókò ni kí o máa kí. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. O ò gbọdọ̀ kí ọ̀rọ̀ mọ́.”

Nígbà tí oṣù mélòó kan kọjá láìsí ìròyìn tó já bọ́, Tàǹtí ní ó tó àkókò láti ṣí i fún gbogbo ayé. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń polówó ohun tó jẹ́ àṣírí? Wọ́n pe obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì fi kún un pé, “Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.” Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbọ́ ọ títí dé àdúgbò Zongo.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni dẹlẹgé àdúgbò wa, aṣojú ìjọba, ẹni tó yẹ kó mú wa. Tàǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí lọ̀ ọ́ bí ẹni pé òun ló wá rà. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ fi òrí sílẹ̀, Màmá. Mo ní lẹ́tà. Èmi gan-an mọ ohun tí wọ́n ń fi lẹ́tà ṣe ní pọ́ọ̀sì.” Tàǹtí bọ́ síta, torí òfin wọn ni pé àwọn ò gbọdọ̀ wà níbi tí a ti ń kọ ọ́.

Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Dẹlẹgé ti dìde ní ìpàdé àdúgbò, ó ní ìyàwó òun tó ṣì ń gbàdúrà sórí oúnjẹ ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Ìyàwó náà dìde láàárín àwọn obìnrin, ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta ni a ti ń gbóòórùn ẹ̀wà tó ń jóná nílé dẹlẹgé. Faransé nìkan ló lè kọ, ìyàwó sì ń ka Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí nìyẹn tó fi nílò mi.

“Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde,” ó ní, “mi ò lójú tí n ó fi wo ènìyàn mọ́. Igbá yín náà á fọ́.”

Mo ní, “Dakọ́ọ̀, kamarádì, mo gbà.”

Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ilé ò dùn. Níparí, àṣà iṣẹ́ mú un, ó ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé “Ìjà ń tẹ̀ síwájú,” bí wọ́n ṣe ń parí ìwé ìjọba. Mo gbé bírò sókè. Mo ní, “Kamarádì, ṣé ìjà náà kọ́ la fẹ́ parí ni?” Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n má kọ ọ́ mọ́.

Èsì dé ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ń rùn fún òrí. Mo kà á fún un: “Mo ti rí ìwé yín. Níwájú gbogbo ènìyàn lẹ ti bú mi. Níwájú gbogbo ènìyàn ni kí ẹ ti bẹ̀ mí.”

Gbogbo wàhálà ọ̀rá àti àbẹ́là, obìnrin yìí ní ìta gbangba lòun ń fẹ́. Dẹlẹgé gba lẹ́tà náà, ó ń wò ó bí ẹni tó lè kà á. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti kékeré. Mo ti ṣí ẹnu láti ní “ẹ kú ìrònú,” mo rántí òfin. Mo ní, “Ẹ káàsán.”

Ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dìde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó pè fún mi kọ ló tún sọ, kò fò kan. Kò fi ìjà kankan parí rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní, “Ẹ kú ìgboyà o, kamarádì,” gbogbo obìnrin sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi nìkan ni mo dákẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ pàdé Tàǹtí ní ibùdó ọkọ̀. Ìyàwó dẹlẹgé, tí ìròyìn ìpàdé ti dé etí rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀, ọkọ rẹ̀ gba ẹrù lórí rẹ̀ níṣojú èrò. Tàǹtí sọ̀ tẹ̀ lé e, ojú wọn le. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí láti Ṣábẹ̀, obìnrin náà sì ti ro ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà fún wọn tán.

“Orí mi yìí ni lẹ́tà yẹn gùn lọ, òun náà ló gùn bọ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, o ò sọ fún mi? Èmi tí mo tọ́ ẹ?”

Ẹ kú orí ire, ẹ kú àṣeyọrí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́nu mi.

Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tàǹtí.”

Wọ́n ní, “Òfin tí mo fọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀ nìyí.” Lẹ́yìn náà wọ́n gbé igbá tó ṣófo lé mi lórí, a sì forí lé ilé.